Ìdí Tí Mi Ò Fi Tíì Tẹ "Mo Gbà"

Òmù-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìkórè ìjọ wa.

Monísọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ kí ọ, ará ilé kí ọ, ewúrẹ́ aláìgbọràn tí o fi sílẹ̀ lọ kí ọ, ó ti bímọ méjì, àwọn náà kò gbọràn. Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ le, torí ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè fi iṣẹ́ mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà tẹ "Mo gbà" kí n lè jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run tó ń bá wa ṣọ́ àgbàdo lójú ẹyẹ yóò bá mi ṣọ́ ọ ní Ìbàdàn yẹn. Ìka tí o fi ń tẹ nǹkan kò ní rọ, ojú tí o fi ń wo iná kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ kò ní ṣú, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún ọ kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Ṣe àmín, kí o sì wá àga jókòó, nítorí lẹ́tà yìí gùn.

O lè máa wí lọ́kàn rẹ pé kí ló dé tí Bàbá kò pè mí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, bí èèyàn bá sì ń sọ ọ̀rọ̀ ilé lórí àpáta, gbogbo Òmù ló ń bá a gbọ́. Ìyẹn tún kéré. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnu mi kò gbé, mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo yà á sí ọ̀rọ̀ òjò. Mo rò pé ìwé á lè gbé e. Sunday onímọ́tò tó ń kó iṣu wá sí Ìbàdàn ni mo fi rán, kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Iṣu mẹ́wàá ló wà pẹ̀lú lẹ́tà náà. Bó bá fún ọ ní mẹ́jọ, sọ fún un pé bàbá mi kí ọ gan-an ni.

Ilé dára. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa lọ́dún yìí. Bámgbóṣé àbúrò mi yọ eyín kan, ó wá ku mẹ́ta, ó sì ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jiyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bá wa dá sí ọ̀rọ̀ áàpù rẹ yìí, ìwọ náà yóò rí i níwájú.

Bó o ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé ìwé ìlànà tí yunifásítì ń fún àwọn ọmọ tuntun, tó nípọn bíi búrẹ́dì, ìwọ ti kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, wọ́n sì ní kí o fi èdè Yorùbá sí i kí àwọn òbí náà lè mọ ohun tí ọmọ wọn ń kẹsẹ̀ bọ̀. O ní kí n bá ọ dán an wò, pé bí èmi bá lè rí ọ̀nà nínú rẹ̀, kò sí ọmọ tó máa ṣìnà níbẹ̀. Mo gbọ́. Ọgbọ́n ni o fi pè mí ní olódo. Mi ò bínú, ṣebí èmi ni mo fi ìwé sílẹ̀ ní píramárì mẹ́rin, mo sì ti gbádùn ayé mi látìgbà náà.

Nọ́ńbà mi ló kọ́kọ́ béèrè. Mo fún un ní nọ́ńbà káàdì ìjọ mi, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo fún un ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa oníkòkó, ó kọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé yunifásítì tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì tíì gbọ́ nípa mi. Ìgbà tí mo tẹ nọ́ńbà tí o kọ ránṣẹ́ ni ilẹ̀kùn tó ṣí, ó ní kí n yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mi. Mo yan iṣẹ́ àgbẹ̀, kí n má baà tàn wọ́n jẹ. Bámgbóṣé ní kí n bá òun yan òfin. Mo ní ẹni tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ṣẹjọ́ ilẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí kò tíì borí, kó má sún mọ́ òfin mọ́. Ó ní òun kò bá mi jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹ ẹ́.

Ọmọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ tó ń kàwé fún wa, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí wa káàbọ̀, a dá a lóhùn. Ará Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni, ulé tiwa ló ń pè ní ilé, uṣẹ́ ló ń pè ní iṣẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ tutù. Nígbà tó kà á dé orí kẹta tí kò tíì wúkọ́ rárá, ìyá rẹ ní kí n jẹ́ kó sinmi, pé ọmọ ọlọ́mọ ni, pé ta ló mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ìgbà tí a padà láti oko, ibi tí a fi í sí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní irú ọmọ tí wọ́n ń bí nìyẹn, pé ìwọ Monísọ́lá, wọn kì í fi ọ́ síbì kan kí wọ́n padà bá ọ níbẹ̀. Òun ló ní kí n kọ ọ́ o, kì í ṣe èmi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "Mo gbà". Ojú ewé àkọ́kọ́ ni o fi í sí, o kùn ún ní àwọ̀ ewé, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti ka ìlànà yìí, mo sì gbà. Mo bi ọ́ léèrè, o ní kí n má da ara mi láàmú, pé gbogbo èèyàn kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ ti pínyà. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ etí odò fún àwa ọmọ bàbá wa, ọjọ́ mẹ́rin la fi rìn ín, kò sẹ́ni tó sọ pé òun gbà títí a fi dé ìdí pèrègún tó kẹ́yìn. Nígbà tí a lọ tọrọ Bímpé fún ẹ̀gbọ́n rẹ Olúwọlé, wọ́n ka lẹ́tà wa látòkè délẹ̀ lójú gbogbo ẹbí kí wọ́n tó la ẹnu. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà ló máa gba tọwọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, ṣé kí n wá fi ìka kan purọ́ pé mo ti kà á?

Nítorí náà mo pe ilé jọ. Ìyá rẹ wá, Bámgbóṣé wá, Bímpé gbé àga tirẹ̀ wá. Olúwọlé náà wá, àmọ́ kò wọlé, orí ọ̀kadà rẹ̀ ló jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, bí ẹni pé èrò ń dúró dè é ní Ìfàkì. Ọ̀sán mẹ́ta la fi gbọ́ ọ, tí a bá ti oko dé. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a ṣe é dáadáa. Nígbà tó ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, gbogbo wọn yíjú wo orúnkún mi, mo ní ti oko ni. Nígbà tó ní wọn kò gbọdọ̀ dáná nínú yàrá, ìyá rẹ ní kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ jẹ, ó ní kí n sọ fún ọ kí o yọ ìyẹn kúrò kíá. Nígbà tó dé ibi tó ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò, Bámgbóṣé bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ kiri. Lópin ọjọ́ kìíní, áàpù rẹ ní kí n fún òun ní ìràwọ̀ bí mo bá gbádùn òun. Mo ní ìràwọ̀ kò sí níkàáwọ́ mi, kó lọ bẹ ẹni tó ni wọ́n.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta ni, a ti rò pé ó fẹ́ kí wa pé ó dàbọ̀. Ọmọbìnrin yẹn fi ohùn tútù rẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá dá dúró, kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, kó fi ìwé dókítà tì í, wọn yóò fún un ní ìsinmi ọdún kan, àyè rẹ̀ kò ní bọ́. Ó ní ẹni tí kò bá kọ lẹ́tà, tí wọn kò rí i fún sáà méjì, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀.

Bámgbóṣé tó ń jiyàn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ló ní kí n jẹ́ kó tún un kà. Mo jẹ́ kó tún un kà. A gbọ́ tí ọ̀kadà dún, ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, Olúwọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì.

Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, o ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ohun tí a sọ fún ọ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ fi ìwé sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí. Ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan náà tí o ń ṣe iṣẹ́ yìí fún, nígbà tí ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ wálé dojú dé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán síbi méjì. Oṣù mẹ́wàá ló fi dùbúlẹ̀ sínú yàrá mi, torí yàrá tirẹ̀ ń jò. Ìgbà tó fi ọ̀pá tilẹ̀ padà dé ọ̀hún, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ó padà wálé, kò sọ púpọ̀. Mo rò pé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ló ṣìkà. Mo ṣépè fún wọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọdún mọ́kànlá gbáko.

Ìwé yẹn wà nílé, Monísọ́lá. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ gbé ìwé ìlànà náà wálé lọ́dún àkọ́kọ́, tí mo rí òǹtẹ̀ tó ń dán bíi wúrà lára èèpo rẹ̀, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọmọdé yóò bà á jẹ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo kó o sínú àpótí mi pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ. Bí àlejò bá dé mo máa ń gbé e jáde kí wọ́n wò ó, mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ibùsùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi oṣù mẹ́wàá dùbúlẹ̀ lé lórí, abẹ́ rẹ̀ ni àpótí náà wà. Mo ń gbé omi gbígbóná kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. O mọ orúkọ tí mo máa ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti ra ọ̀kadà ni mo ti ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Àbọ̀, níwájú èrò, níwájú àwọn àna rẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín ni.

Lọ́jọ́ tó gun ọ̀kadà lọ yẹn, nígbà tí àwọn tó kù ti dìde, mo rí ibi tí o kọ "Wá" sí lókè, tí o ní bí a bá kọ ohun tí a ń wá síbẹ̀ yóò bá wa rí i. Mo kọ Olúwọlé síbẹ̀. Ó yí, ó yí, ó ní òun kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo fi orúkọ mi kún un. Ó ní bákan náà. Mo mọ̀ pé fóònù ni, mo mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn, àmọ́ mo dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, mo sì lọ bá ìyá rẹ bó ẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ wo ojú mi, ó na ọ̀bẹ kan sí mi. Òun náà mọ ibi tí àpótí wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sóko, Olúwọlé dé. Ó ní Bàbá, ìwé yẹn dà. Mo wọ́ àpótí jáde. Ọ̀rá náà ti lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, òun ló fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí i. Àwọn ojú ewé ibòmíràn ṣì so pọ̀ bíi ti ọjọ́ tó jáde nílé ìtẹ̀wé. Ó wá a títí ó fi rí i, ó kà á lóòró. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ti ṣetán fún ohunkóhun tó bá máa sọ, bó bá fẹ́ kí ó bú mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá pa ìwé dé, ó ní ẹ̀yin gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Àbọ̀ o Bàbá, ẹ ní ìwé, ẹ ò kà á. Ó sì bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó dárí jì mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ìyá rẹ̀ ti se iṣu. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Ìgbà tó ń lọ, ó ti ìwé náà bọ inú ẹ̀wù rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí o bá rí i pé ara rẹ̀ rọ̀, bá mi sọ fún un pé mo kọ ọ́ síwèé pé èmi ni mo ṣe é. Ìwọ ṣáà mọ bí a ṣe ń sọ nǹkan.

Mo tún fẹ́ bi ọ́. Ìwọ lo tẹ ojú ewé kẹtàlélọ́gọ́ta yẹn sínú fóònù. Bóyá o rí i, o rántí ẹ̀gbọ́n rẹ, o sì dákẹ́. Bóyá ojú rẹ kàn gbà á kọjá ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mi ò bínú, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bínú. Àmọ́ mi ò ní tẹ "Mo gbà" níbi tí o fi nǹkan sí yẹn. O fi aṣọ wíwọ̀ ṣáájú, o fi orin yunifásítì ṣáájú, o fi àwòrán àwọn àgbà tó wọ agbádá pupa ṣáájú, o wá ti ohun tó ń gba ọmọ là sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ẹni tó bá jẹ́ alágídí bíi tèmi nìkan ti lè dé. Gbé e wá síwájú. Kó jẹ́ òun ni ọmọbìnrin yẹn yóò kọ́kọ́ kà tó bá kí wọn káàbọ̀ tán. Kí o sì ṣe ibì kan síbẹ̀ tí ọmọ tó wà lórí ìdùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, lè tẹ̀, kí lẹ́tà náà lọ bá wọn ní ọ́fíìsì láìjẹ́ pé ó dìde. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí àyè, sọ fún un pé bàbá àgbà kan wà ní Òmù tí kò gbà, ó sì lágídí.

Bímpé tún béèrè ohun kan tí fóònù kò dá a lóhùn. Ó ní ẹni tó pẹ́ kó tó kọ lẹ́tà ńkọ́, ẹni tó ti pẹ́ ọdún mọ́kànlá. Bí o bá mọ ẹni tí a lè bi, bá wa bi í. Má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ó ku ti owó, ṣé o rò pé mo gbàgbé ni. Ọmọbìnrin inú fóònù yẹn ti jẹ gbogbo dátà tán, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ojú mi náà fẹ́ ìgò tuntun, ìwé yìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kọ ọ́. Táyà iwájú ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti dán bí orí Bámgbóṣé, fi owó rẹ̀ sí i, má sọ pé èmi ló béèrè.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò dé. Ọmọ tí o kò mọ̀ rí yóò tẹ nǹkan tí o ṣe, yóò rí ọ̀nà, yóò sì máa súre fún ẹni tí kò mọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o tọ́jú ohun rere títí tí yóò fi di asán. Ọkọ rere yóò rí ọ, mi ò ní kó jẹ́ onífóònù, bó bá ti lè bẹ́ igi, ó tó. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ ní Òmù.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí. Mo ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ tán, Sunday ti ń fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ lójú títì, ni ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé. Mo sọ fún un pé bí o bá ti tún áàpù náà ṣe, a ó tún jókòó gbọ́ ọ, àmọ́ ìka tèmi kọ́ ni yóò tẹ "Mo gbà", tirẹ̀ ni. Mo bi í bóyá yóò bá wa tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ kan àyà ẹ̀wù rẹ̀, ibi tí ìwé yẹn wà. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá kà á tán.